Ibi Tómi Ti Fà Sẹ́yìn Ni Wọ́n Tẹ̀dó Sí: Adágún Chad, Sàhárà Àtàwọn Èèyàn Ìgbàanì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo kọ sílẹ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ tí ò ráyè wá ló ní kí n jọ̀ọ́ kí n kọ ọ́ káwọn náà rí i kà. Mo ti gé díẹ̀ kúrò, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọyẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, tó bá ti di Disẹ́ńbà ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í là, eruku á bo tábìlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀, oòrùn gan-an ò ní lè yọjú dáadáa. Ibo leruku yẹn ti ń wá? Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń wá láti ibi kan tó ń jẹ́ Bodélé, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń fipá gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá. Tẹ́ ẹ bá wo eruku ibẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, èèpo àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan lẹ máa rí, diatom lorúkọ wọn, ojú lásán ò lè rí wọn, inú omi ni wọ́n sì ń gbé. Inú omi o, láàárín aṣálẹ̀ tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá! Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ adágún ni Bodélé tẹ́lẹ̀, ibi tó jìn jù lọ nínú Adágún Chad nígbà tó ṣì tóbi, tó fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, tómi ẹ̀ sì jìn ju mítà 150 lọ láwọn ibì kan.

Kó tó dà bẹ́ẹ̀, ọ̀dá ló wà. Ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn ayé tutù gan-an, omi rẹpẹtẹ ti di yìnyín sápá àríwá ayé, òkun wá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí mítà 120 sí ibi tó wà lónìí, kò tíì sí Ọ̀sà Èkó nígbà yẹn, Odò Ògùn ní láti rìn jìnnà sí i kó tó kan òkun. Lókè lọ́hùn-ún, Sàhárà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, àwọn òkìtì iyanrìn tí atẹ́gùn kó jọ nígbà náà ṣì wà ní agbègbè Kánò dòní, koríko ti hù bò wọ́n, wọ́n ń dáko lórí wọn.

Kí ló wá yí i padà? Ayé tá à ń gbé yìí, bó ṣe ń yí lọ́sàn-án lóru, orí ẹ̀ tún ń fì díẹ̀díẹ̀ bí òkòtó tó ń jó nílẹ̀, ó sì lé ní ọdún 20,000 kó tó fì yípo lẹ́ẹ̀kan. Lónìí, oṣù Jánúárì layé máa ń sún mọ́ oòrùn jù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 11,000 sẹ́yìn, ìgbà òjò wa gan-an ló máa ń sún mọ́ ọn jù, ni oòrùn bá ń mú ilẹ̀ Sàhárà gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè, afẹ́fẹ́ òkun tó ń gbé òjò wá látọ̀dọ̀ wa níbí sì ń wọlé lọ dí àyè ẹ̀, ó wọ ibi tí kì í dé mọ́ lónìí. Koríko hù, igi hù, adágún kún, àwọn yẹn náà tún ń tú ọ̀rinrin sáfẹ́fẹ́, òjò ń bí òjò. Ìgbà ọ̀rinrin yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 14,700 sẹ́yìn, nígbà tó fi máa di ọdún 5,000 sẹ́yìn ó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ibẹ̀ gbẹ.

Erinmi àti ọ̀nì wà nínú odò Sàhárà nígbà yẹn. Ní Dabous, lórílẹ̀-èdè Niger, àwọn èèyàn gbẹ́ àwòrán àgùnfọn sára àpáta, ó gùn ju mítà 5 lọ, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ẹni tó ń rí àgùnfọn lójoojúmọ́ ló gbẹ́ ẹ. Wadi Howar tó ti gbẹ pátápátá báyìí, odò ni nígbà yẹn, ó ń ṣàn gba àríwá Sùdáànù kọjá lọ bá Náílì. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé nígbà tí Adágún Chad kún àkúnya, omi ẹ̀ gba odò Mayo Kebbi ṣàn bọ́ sínú Bẹ́núé, Bẹ́núé sì gbé e dé Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ló ti wọnú Odò Ọya. Omi inú Sàhárà ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá lọ sókun.

Ẹ̀rí tó dájú jù lọ lórílẹ̀-èdè wa wà ní abúlé Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Lọ́dún 1987 darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga, nígbà tó dé nǹkan bíi mítà 5 nísàlẹ̀, ó kan nǹkan líle. Ọkọ̀ ojú omi ni, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú igi ẹyọ kan, gígùn ẹ̀ mítà 8.4, ìbú ẹ̀ bí ìdajì mítà, orí àti ìdí ẹ̀ méjèèjì ló ṣe ṣóńṣó, wọ́n sì fá inú ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Màídúgùrì àti ti Frankfurt ní Jámánì ló wá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ẹ rò ó wò! Nígbà tí wọ́n máa fi kọ́ píramídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì, ọkọ̀ yìí ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Irin ò tíì sí, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ẹni tó sì gbẹ́ ẹ kì í ṣe akọ́ṣẹ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ tó dán tó bẹ́ẹ̀ àjogúnbá ni. Ohun tí ò jẹ́ kó jẹrà ni pé amọ̀ àti iyanrìn tó kún fómi ni odò Komadugu Gana dà bò ó, afẹ́fẹ́ ò ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà mọ orúkọ Dufuna, tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Náílì àti Mesopotámíà tí wọ́n fi kọ́ wa dáa, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lókè Niger lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń pè ní Gobero nínú aṣálẹ̀ Ténéré, egungun dáínósọ̀ ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paul Sereno àtàwọn tó kó sòdí ń wá kiri lọ́dún 2000 tí wọ́n fi já lu itẹ́ òkú tó wà létí adágún àtijọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ga gan-an, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, ọ̀kọ̀ eegun ni wọ́n fi ń pẹja. Adágún wá gbẹ ní nǹkan bí ọdún 8,200 sẹ́yìn, wọ́n fibẹ̀ sílẹ̀, ó tó bí ọdún 1,000 tí ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀, kómi tó padà táwọn mìíràn tó ń sin màlúù fi dé. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló sin obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ méjì, wọ́n kọjú síra wọn, apá wọn wọnú ara wọn, àtíkè òdòdó tí wọ́n rí lábẹ́ wọn sì fi hàn pé òdòdó ni wọ́n tẹ́ wọn lé.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé aṣálẹ̀ lé àwọn èèyàn yìí, pé wọ́n sá àsálà, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Nígbà tí adágún ń fà sẹ́yìn, ó ń fi ilẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ tó dáa. Ní Borno, ibi tí etí adágún àtijọ́ wà ti di òkè iyanrìn gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Bama Ridge, orí ẹ̀ ni ìlú Màídúgùrì wà. Níwájú ẹ̀ lọ sápá adágún ni amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki wà, ìsàlẹ̀ omi lòun náà tẹ́lẹ̀, tó bá di ìgbà òjò omi á dúró lórí ẹ̀, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn á sán kàǹkàkàn. Bómi bá ṣe ń fà làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lọ́ masakwa sí i, ìyẹn ọkà bàbà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rinrin tó kù nínú amọ̀ yẹn ló máa fi gbó. Ní nǹkan bí ọdún 3,800 sẹ́yìn làwọn tó ń sin màlúù wọ agbègbè Gajiganna, nígbà tó yá wọ́n ń gbin jéró. Ní Daima, níbi tí awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Graham Connah ti walẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n gbé ojú kan náà ju ọdún 1,000 lọ, wọ́n ń kọ́lé amọ̀ lórí àlàpà ilé àtijọ́ títí ibẹ̀ fi di òkìtì tó ga ju mítà 10 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jenne-jeno ní Mali, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó dínkù ni wọ́n tó ráyè tẹ̀ ẹ́ dó, ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì dìlú ńlá.

Màmá kan bi mí pé, ‘Ọmọ mi, ṣé Adágún Chad tó ń gbẹ lójú wa yìí, ṣebí bó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn?’ Ìbéèrè gidi ni, mà. Ní àwọn ọdún 1960 ó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóòró, nígbà tó máa fi di àárín àwọn ọdún 1980 kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, àtìgbà yẹn ó ti pọ̀ sí i díẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti gbẹ rí ó sì ti kún rí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìgbàanì ń ká ilé wọn tẹ̀ lé omi lọ ni, kò sí bọ́dà, kò sí ẹni tó máa bi wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù. Lónìí orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló pín etí adágún yẹn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló ń jẹ lára ẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ ká ilé wọn lọ?

Ẹnì kan tún ní ṣé ó kàn wá nílẹ̀ Yorùbá. Ó kàn wá. Nígbà ọ̀rinrin yẹn, igbó kìjikìji bo ibi tó jẹ́ gúúsù Benin lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn òjò dínkù, igbó yẹn já sí méjì, ilẹ̀ ọ̀dàn sì là á kọjá dé etí òkun ní Benin àti Togo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ò fi rí bí ọ̀nà Oǹdó. Ẹṣin ò lè rìn dáadáa nínú igbó, eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun á sì pa á, àmọ́ orí ọ̀dàn ó ń sáré. Nígbà táwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ gun ẹṣin lọ gbógun ti Dahomey lọ́dún 1726, ilẹ̀ tí ọ̀dá ìgbà yẹn là sílẹ̀ ni ẹṣin wọn rí sáré lé.