Aláǹtakùn: Ẹ̀rù Ń Bà Wá, Ojú Wa Ò sì Kúrò Lára Ẹ̀

Ẹ wo eléyìí dáadáa kẹ́ ẹ tó sá. Aláǹtakùn kan rèé lára ògiri, apá òsì nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó dúró jẹ́ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti na ọwọ́ tí wọ́n fi mú fóònù jìnnà réré, àwọn kan ti fi ìka méjì fa àwòrán ẹ̀ kó lè tóbi sí i, àwọn tó pọ̀ jù sì ń ṣe méjèèjì pọ̀, wọ́n fọwọ́ bojú, wọ́n wá ń yọjú láàárín ìka. Kí ló dé tó jẹ́ pé nǹkan tá ò fẹ́ rí náà lojú wa ò fẹ́ kúrò lára ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ oró kúrò nílẹ̀, torí òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tó fi máa di 2022, oríṣi aláǹtakùn tí àwọn sáyẹ́ǹtíìsì ti fún lórúkọ ti tó 50,000, gbogbo wọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oró, àmọ́ eṣinṣin àti ẹ̀fọn àti tata ni wọ́n ní in fún, kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló lè ṣe èèyàn léṣe gidi. Àwọn àgbà ní aláǹtakùn bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Òwe yẹn dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláǹtakùn ò rí ẹni bá jà nínú wa, a ti tóbi jù fún un.

Mi ò sọ pé kò séwu rárá o. Èyí tí wọ́n ń pè ní funnel-web, tó wà ní agbègbè Sydney lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, kí ẹnikẹ́ni má lọ fọwọ́ pa á lórí. Èèyàn 13 ló wà lákọsílẹ̀ pé ó pa kí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ẹ̀ tó jáde ní 1981, látìgbà yẹn kò tún sí àkọsílẹ̀ ẹni tó kú. Nǹkan tó ya èmi lẹ́nu níbẹ̀ ni pé oró tó ń dá èèyàn àti ọ̀bọ gúnlẹ̀ yẹn, ajá àti ológbò lè gbà á sára kó má fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ilé kan ní Kansas, ní Amẹ́ríkà. Brown recluse ló kún ibẹ̀, aláǹtakùn tójú ibi tó bá ti gé èèyàn jẹ lè jẹrà. Ní 2001, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń mú wọn, wọ́n kà wọ́n, ó jẹ́ 2,055. Ìdílé kan ń gbé inú ilé yẹn o, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó gé jẹ.

Tí kì í bá ṣe ẹnu ẹ̀ wá ni, kí ni? Èrò tèmi ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni.

Èmi, ẹ̀yin, ajá, ológbò, iṣan kan ló ń ká ẹsẹ̀ wa, iṣan míì ló ń nà án. Ti aláǹtakùn yàtọ̀. Iṣan tó ń ká ẹsẹ̀ ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n láwọn oríkèé kan tó ṣe kókó, èyí tó máa nà án ò sí, ṣe ló máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ wọnú ẹsẹ̀ náà kó tó lè nà, bí ọ́ìlì ṣe ń ti apá katapílà. Ìrìn ẹ̀ ò wá jọ ti nǹkan tá a mọ̀, kò ní fi hàn yín pé òun ti fẹ́ gbéra, á dúró bí òkúta, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dé apá kejì, ojú wa sì fẹ́ràn kó máa fi ìrìn mọ ibi tí nǹkan ń lọ, ti eléyìí ò ṣeé mọ̀.

Mo ti fi bàtà pa ọ̀kan rí lóru. Mo gbé bàtà kúrò, mo rí i tó ń ká ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ sábẹ́ àyà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú, àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ní ìrora ló ń jẹ. Nígbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ ló tán, kò sí ohun tó máa nà án mọ́, iṣan tó ń ká a nìkan ló kù. Látọjọ́ yẹn, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń gbá wọn síta. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìgbálẹ̀ tó gùn ni.)

Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Leipzig, ní Jámánì, fi fọ́tò aláǹtakùn han àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà, wọ́n tún fi fọ́tò òdòdó hàn wọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́fà o, kí ló mọ̀ nípa oró? Ọmọlójú wọn fẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wo aláǹtakùn ju ìgbà tí wọ́n ń wo òdòdó lọ, àwọn olùwádìí náà sì gbà pé ara èèyàn ti máa ń ta gìrì fún un látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ rántí pé ọmọlójú kì í fẹ̀ fún ẹ̀rù nìkan, ó máa ń fẹ̀ náà tá a bá ń wo ohun tó gbà wá lọ́kàn pátápátá.

Ẹ̀rù tún máa ń bù kún bí aláǹtakùn ṣe tóbi tó lójú wa. Ní 2012, ní yunifásítì Ohio State, wọ́n ní káwọn tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn sún mọ́ tàràǹtúlà gidi, ìyẹn aláǹtakùn ńlá onírun, lẹ́yìn náà kí wọ́n fa ìlà tó gùn tó o sórí páálí. Bẹ́rù onítọ̀hún ṣe pọ̀ tó ni ìlà ẹ̀ ṣe ń gùn tó. Torí náà tẹ́nì kan bá ní òun rí aláǹtakùn tó tó àwo nínú balùwẹ̀, kò purọ́ o, bójú ẹ̀ ṣe wọ̀n ọ́n nìyẹn. (Èyí tó tó àwo wà lóòótọ́, Goliath birdeater ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó bá na ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe balùwẹ̀ tiyín ló wà.)

Ẹ wá bọ́ sórí okùn tí aláǹtakùn fi ń ta àwọ̀n, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí. Nínú ikùn ẹ̀, omi ni okùn yẹn, kì í tu ú jáde bí itọ́, ṣe ló ń fà á yọ, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fà á tàbí kó so ó mọ́ nǹkan kó wá ju ara ẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń fà á lomi ń di okùn. Èyí tó ń ta àwọ̀n róbótó, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Á kọ́kọ́ na àwọn tó dà bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, ìyẹn kì í lẹ̀, á wá máa yí i po, yí i po, á máa fi ẹsẹ̀ wọn àyè bí ẹni tó ń ran aṣọ, okùn tó ń fi yí i po yìí ló ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò. Tí àwọ̀n yẹn bá gbó, ọ̀pọ̀ wọn á jẹ ẹ́ padà, wọ́n á ta tuntun. Okùn tó fi ń rọ̀ ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e àti irin sórí òṣùwọ̀n tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, okùn ló máa le jù.

Ní 2012, wọ́n gbé ẹ̀wù kan síta ní Victoria and Albert Museum, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní London, ó ń dán bíi góòlù, wọn ò sì pa á láró, bí òwú ẹ̀ ṣe jáde nìyẹn. Aláǹtakùn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n fa òwú lára wọn ní Madagascar, wọ́n á fà á tán, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. Ẹni tó máa pariwo tí ọ̀kan bá bọ́ sí i léjìká, ẹ bi í bóyá á gba ẹ̀wù yẹn wọ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi ayé wọn wò ó. Barbara York Main, onímọ̀ nípa aláǹtakùn ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn kan tó ń gbé inú ihò ilẹ̀ ní 1974, ó fi nọ́ńbà sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 16 lo ọdún 43 kó tó kú ní 2016, inú ihò kan náà.

Wíwò yìí náà ni wọ́n fi ń wo ẹ̀rù ẹ̀ sàn. Lars-Göran Öst, onímọ̀ nípa ìrònú ní Sweden, kọ̀wé ní 1989 nípa bó ṣe ń ṣe é ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ. Kò ní ní kẹ́ ẹ gbójú kúrò. Aláǹtakùn á wà nínú ike lókèèrè, ẹ ó wò ó títí àyà yín á fi rọlẹ̀, ẹ ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ó tún wò ó, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ife dé e mọ́lẹ̀ kí wọ́n wá ti páálí bọ abẹ́ ẹ̀, ẹ ó fi ìka kàn án lẹ́yìn fẹ́rẹ́, tó bá yá á máa rìn lórí ọwọ́ yín. Kò sẹ́ni tó ń tì yín o, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sára ògiri wa. Apá òsì nísàlẹ̀ la fi í sí. Kò sí níbẹ̀ mọ́, àbí? Ẹ má pariwo. Ẹ wo òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù.