Àṣẹ Iná Ti Dé Ọ̀dọ̀ Gómìnà, Káńsù Ńkọ́?

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ìjókòó ti ń wo aago kí n tó kí yín tán, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Kí oṣù kẹta ọdún 2023 tó dé, ìwé òfin 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti pín iná, àmọ́ kìkì ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé. Àtúnṣe ọdún náà yọ gbólóhùn yẹn dànù. Ní oṣù kẹfà, Òfin Iná Mànàmáná tuntun tẹ̀lé e. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sì ti fa àṣẹ àbójútó iná lé Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti àwọn mìíràn lọ́wọ́. A pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó kúrò l'Ábújà, ọ́fíìsì gómìnà ló bá dúró.

Ẹ ṣí ìwé òfin 1999 yẹn sí abala 7, ẹsẹ 3. Ó ní ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀-ajé àgbègbè rẹ̀, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fi òfin dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Ẹ bi alága káńsù yín pé kó mú ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ yẹn jáde. (Ẹ̀rín.)

Kí ni ìgbìmọ̀ náà fẹ́ ṣe? Kíka iye iná tí àdúgbò ń fà ni. Ẹ wo transifọ́mà 500 kVA tí àwọn olóṣèlú wa máa ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè gbé nǹkan bí 400 kìlówáàtì. Kó tó lè pẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá 320. Àdúgbò tó ní ilé 200, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fa kìlówáàtì kan ààbọ̀ lálẹ́, ti gba 300. Jẹ́ kí ilé ẹja dídì kan ṣí síbẹ̀, ó parí.

Èyí tó tún burú ni fésì, ìyẹn ojú wáyà tí iná ń gbà jáde lára transifọ́mà. Mẹ́ta ni. Bí àwọn tó ń so wáyà bá so ilé 120 mọ́ ọ̀kan, tí 80 tó kù pín méjì yòókù, 180 kìlówáàtì ló ń gun fésì tí ìpín tirẹ̀ kò ju 133 lọ. Fíùsì á máa já ní alaalẹ́, a ó máa bú NEPA. Ẹnì kan á wá fi wáyà nípọnnípọn rọ́pò fíùsì, bẹ́ẹ̀ ni transifọ́mà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń jóná. Ẹni tí ilé rẹ̀ sì jìnnà tó kìlómítà kan, gílóòbù rẹ̀ á pọ́n bí ẹyìn. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde kan tó ní ìwé àti bírò lè ka gbogbo èyí. Ẹ má sọ fún mi pé káńsù kò lówó bírò! Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó wọn máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Ti iná oòrùn abúlé, kíákíá: èyí tí kò bá kọjá 100 kìlówáàtì, ìforúkọsílẹ̀ tó o. Àmọ́ tí wáyà ìjọba bá dé lọ́la, ẹni tó gba ìwé àṣẹ gan-an ni òfin ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún.

Ìbéèrè láti àárín èrò: “Ẹ̀gbọ́n, transifọ́mà tí ẹgbẹ́ onílé wa dáwó rà, ta ló ni ín?”

Ẹ ṣeun, ìyá. Mo ní ojú ìwé mẹ́rin sí i lórí ibùdó tí wọ́n ti ń pèsè iná ní Egbin, ẹ jẹ́ ká pa wọ́n tì, èyí ló ká yín lára. Láti ọdún 2015 ni ìlànà NERC ti wà lórí ẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ bá ilé-iṣẹ́ apínná tọwọ́ bọ̀wé: iye owó, bí wọ́n ṣe máa dá a padà, àti ìgbà tó máa parí. Kí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun èlò iná wò, yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tanná sí i. Káńsù ni kó ṣe ẹlẹ́rìí, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí kò bá sí ìwé yìí, ọ̀fẹ́ lẹ fún wọn.

“Àwa ti rà á tán o, kò síwèé!”

Ẹ kó rìsíìtì àti orúkọ àwọn tó dáwó jọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ iná ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n buwọ́ lu tọwọ́ yín pé àwọn rí i gbà. Kò dájú pé owó á padà, àmọ́ ẹ má dá owó òmíràn kí wọ́n tó fèsì.