Etí Ni Ká Kọ́kọ́ Fi Wo Fíìmù Yorùbá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí bí ènìyàn ṣe lè jókòó sílé rẹ̀, kó wo fíìmù Yorùbá, kó sì ní èrò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nípa rẹ̀. “Ó dùn” àti “kò dùn” kò tíì tó èrò. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ bó ṣe rí lára òun, kò tíì sọ ohun tí fíìmù náà ṣe. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidigidi ni pé etí ló ń kọ́kọ́ wo fíìmù Yorùbá, ojú ń tẹ̀lé e ni. Èdè olóhùn ni èdè wa, ìlù wa ń sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ àti àfojúdi sì wà nínú ọ̀rọ̀ bíńtín bíi “ẹ” àti “o”.

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, ìmùlẹ̀ kan so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ búra, kó sì gba gbẹ́rẹ́. Lápité, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba, kọ̀, torí pé owó ìlú ló fẹ́ kó jẹ. Bí ọba tí kò ṣe ètùtù yìí bá sì dé adé idẹ, tí wọ́n lu ìlù ìmùlẹ̀ náà, ṣaworoidẹ, sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Nígbà tí Lágàta ológun fi ìbọn gba ìlú, kò mọ̀ nípa ìmùlẹ̀ kankan. Ìlù ló bá a sọ ọ́. Ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé ní Nàìjíríà ni fíìmù náà jáde, àwọn tó wò ó nígbà náà kò nílò aláyé. Nínú irú fíìmù báyìí, ìlù kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ni òfin ìlú. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù náà ketekete kò lè sọ pé òun ti wo Ṣaworoidẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún ohùn ṣe kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Sípíkà fóònù kéré, kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Dùndún tó yẹ kó sọ do, re àti mi á wá dà bíi pé mi nìkan ló ń lù. Ẹ fi íápíìsì sétí. Ní ti tẹlifíṣọ̀n òde òní, ẹ̀yìn tàbí abẹ́ ni sípíkà ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí. Bí ẹ bá tẹ́ aṣọ tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, ohùn á há. Ẹ fà á síwájú títí dé etí tábìlì. Ẹ wọ ibi ètò ohùn, ẹ pa Surround tó ń fọ́n ohùn káàkiri, ẹ sì tan Clear Voice tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde, bó bá wà níbẹ̀. Ẹ pa Motion Smoothing náà, orúkọ yòówù tí ẹ̀rọ tiyín ìbáà pè é. Àwòrán 24 ni ọ̀pọ̀ fíìmù ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ń hùmọ̀ àwòrán mìíràn kún un, ìrìn òṣèré á wá máa yọ̀ bororo, àwọn kan á sì sọ pé fíìmù náà dà bí ìròyìn alẹ́. Olùdarí kò jẹ̀bi èyí.

Bí ohùn bá ti já gaara, ẹ máa ṣọ́ ibi tí “ẹ” ti di “o”. Bí ìyàwó bá ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní Àkànní láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, tó wá di ọjọ́ kan tó pè é ní Bọ̀dé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Bí ọmọ iṣẹ́ bá bi ọ̀gá rẹ̀ pé “ṣé o ti jẹun?”, ẹ̀rù ọ̀gá ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Òṣèré tó mọ iṣẹ́ á dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ “o” yẹn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á sáré kọjá. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: ní ẹ̀ka èdè Oǹdó, ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má sì sí àfojúdi kankan níbẹ̀. Ẹ mọ ìlú tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ kò lè gbé èyí. “You” ni “ẹ”, “you” náà ni “o”. Nínú ilé àwọn Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá ń gbọ́, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń kà. Bí fíìmù bá parí, ìyá á ní obìnrin yẹn ti ń wá ìjà láti òwúrọ̀. Ọmọ á ní òun kò rí ìjà kankan. Fíìmù méjì ni wọ́n wò. Ẹ dá ìran náà padà, ẹ bo ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, kí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ ìlà 3 tàbí 4 péré. Ọmọ á gbọ́ ohun tó sọnù.

Etí náà ló ń tú àṣírí iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa. Bí orin bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó po ohùn pọ̀ kò rẹ orin sílẹ̀ nígbà tí òṣèré lanu. Bí ohùn bá ń dún wọ́ọ̀ bíi pé inú kànga ni wọ́n wà, orí kámẹ́rà ni máìkì wà, ó jìnnà sẹ́nu, yàrá náà sì lè jẹ́ olótáìlì tí kò ní kọ́tìnì tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dá òṣèré lẹ́bi pé ó ń pariwo kí ẹ tó yẹ èyí wò.

Fífa ìtàn gùn náà ní orírun. Àwo VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà nígbà náà. Ìtàn tí wákàtí kan àti ààbọ̀ tó fún di Apá Kìíní àti Apá Kejì: géètì á ṣí, mọ́tò á wọlé, wọ́n á kíra títí. Lónìí YouTube ni ọ̀pọ̀ wọn wà, wọ́n sì lè fi ìpolówó sáàárín fídíò tó bá ti pé ìṣẹ́jú 8, nítorí náà àṣà náà kò kú. Ẹ dijú fún ìṣẹ́jú 5. Bí etí yín kò bá gbọ́ ohun tuntun kan nípa ẹnikẹ́ni, omi ni wọ́n bù sí i.

Àníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2022 lé ní wákàtí méjì. Ojú jẹun yó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn èyí: aṣọ, ààfin, ọjà. Àmọ́ ní tèmi, Arọ́lákẹ́, olorì tó sá lọ pẹ̀lú Ṣàró olólùfẹ́ rẹ̀, ló yẹ kí ohùn rẹ̀ gba ibi tó pọ̀ jù. Òun ló gba àdó tí wọ́n fi ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, òun náà ló da ohun inú rẹ̀ nù nígbà tí Ṣàró kọjá ààyè rẹ̀. Bí Arọ́lákẹ́ ṣe ń dákẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, èyí dára púpọ̀. Ìgbéraga Ṣàró ni wọ́n sì wá fún ní àkókò jù ú lọ.

Ní ti ìtàn àtijọ́, ojú lè mú páànù tó yọ lẹ́yìn ilé alámọ̀, tàbí léèsì lára olorì. Ọ̀yọ́-Ilé ti tú kí 1840 tó dé; àwọn ọdún 1960 ni léèsì Ọ́síríà gbòde ní Nàìjíríà. Etí ló máa mú “tábìlì” tàbí “búrẹ́dì” lẹ́nu ìjòyè Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó ti wáyé sílẹ̀, kí ẹ lè fi han ẹni tó bá jiyàn. Àmọ́ bí ìjòyè kan náà bá sọ “àlàáfíà” tàbí “àdúrà”, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n, wọ́n sì ti wà lẹ́nu Yorùbá ṣáájú kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú.