Ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn oògùn ara ríro

Ẹ wo páálí oògùn yìí dáadáa. Ibuprofen ni. Bí orí bá ń fọ́ni, bí eyín bá ń dunni, bí inú bá ń run obìnrin nígbà nǹkan oṣù, òun ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré rà ní kẹ́mìsì. Ohun tí wọ́n dà nù kí wọ́n tó rí i ṣe kì í wá sí wa lọ́kàn.

Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Stewart Adams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Boots ti ṣàwárí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń gbà ṣe é nígbà náà. Ká tiẹ̀ ní ohunkóhun ò bàjẹ́ lójú ọ̀nà, nínú 100 kílò èròjà tí wọ́n bá kó sí i, bí 40 péré ló lè di oògùn. Ìdọ̀tí ni ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Aluminium chloride ni wọ́n fi ń so èròjà méjì pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ alárenà nìyẹn, ẹ sì mọ̀ pé bí ojú bá ti mọjú tán, alárenà á yẹ̀bá. Èyí kì í yẹ̀bá. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ṣe, àfi kí wọ́n bu omi sí i kó tó tú u sílẹ̀, omi ọ̀hún á sì bà á jẹ́ pátápátá. Ó di kí wọ́n lọ dà á nù, kí wọ́n ra òmíràn.

Alárenà tó mọ ìgbà tó yẹ kóun kúrò ni wọ́n ń pè ní catalyst: ó ń mú iṣẹ́ yá, ó sì ń jáde bó ṣe wọlé. Lọ́dún 1992, ilé iṣẹ́ BHC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ibuprofen ní ìlú Bishop, ní Texas, ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, catalyst ló sì wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hydrogen fluoride rọ́pò aluminium chloride. Wọ́n ń gbà á padà, wọ́n sì ń tún un lò. Kílò 40 ọjọ́sí di 77. Ásíìdì tó ń mú kí fínígà máa kan tún ń bá oògùn jáde, bí wọ́n bá sì kó òun náà pa mọ́, ó di 99. Ẹ̀bùn kẹ́mísírì aláwọ̀ ewé, ìyẹn kẹ́mísírì tí kì í ba àyíká jẹ́, ti ìjọba Amẹ́ríkà tọ́ sí wọn lóòótọ́, wọ́n sì gbà á ní 1997.

Síbẹ̀, hydrogen fluoride léwu gidi. Bó bá ta séèyàn lára, ó lè jẹ ẹran ara wọnú dé egungun, àwọn òṣìṣẹ́ ló sì wà nítòsí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń dùn sí iṣẹ́ táwọn onímọ̀ ń ṣe láti fi zeolite rọ́pò rẹ̀, èròjà tí oríṣi rẹ̀ kan wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Ó le, kì í yòrò, sísẹ́ ni wọ́n á kàn sẹ́ ẹ jáde bí iṣẹ́ bá ti parí.