Ẹ̀jẹ̀ Tó Kù Nídìí Abẹ́rẹ́

Ẹ wo síríńjì yìí dáadáa. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dópin, oògùn inú rẹ̀ ti tán. Ẹ wá sún mọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọ orí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ há síbẹ̀, kò tó ẹ̀kán kan. Ẹni tó fi gún ara rẹ̀ kò rí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dúró gbà á kò ní rí i. Ibẹ̀ gan-an ni HIV, hepatitis B àti hepatitis C, àwọn méjì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ń gbà bọ́ sára ẹlòmíì.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Èyí kò kàn wá, ará Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ìwádìí lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, ní nínú ẹni márùn-ún tí oògùn ti wọ̀ lẹ́wù, ẹnì kan ń gún un sára. Oògùn apàrora ni wọ́n sì ń gún jù, ó ṣáájú kokéènì àti hẹroíìnì. Pentazocine wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń gún fún aláìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde nígbà tí ìrora bá dé. Ọsibítù ni ó ti bá àwọn míì délé. Ẹ rọra máa bú wọn. Kì í ṣe fàájì ló gbé gbogbo wọn débẹ̀.

Nínú àrùn mẹ́ta tí mo dárúkọ, hepatitis C ló ya alágídí jù. Àwọn onímọ̀ rí i pé ó lè wà láàyè nínú síríńjì fún ọjọ́ 63. Ẹ ṣírò ẹ̀: síríńjì tí wọ́n lò lọ́jọ́ Òmìnira, ewu ṣì lè wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá fi piọ́ wọ́tà ṣan án, ẹ̀jẹ̀ tó ń rí ló ṣàn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan o. Ẹni mẹ́ta lè ra síríńjì tuntun mẹ́ta, kí wọ́n wá po oògùn sínú ṣíbí kan, kí wọ́n jọ fà á látinú òwú kan. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti gún ara, tó tún ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ omi oògùn inú ṣíbí yẹn, wọ́n ti jọ pín ẹ̀jẹ̀. Kí kálukú ní síríńjì, ṣíbí, òwú àti omi tirẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó múlé tì wá, wọ́n ti gbìyànjú ètò tí wọ́n fi ń gba síríńjì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n ń fúnni ní tuntun. Àwọn kan ní ìyẹn ń ti èèyàn sínú ìwàkiwà. Èmi kò gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ara kì í tètè sọ. Ojú lè má pọ́n, ìtọ̀ lè má pọ́n, kí hepatitis C sì máa jẹ ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa tú u fó. Ilé ìwòsàn ńlá ti OAU wà ní Ifẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀, Wesley Guild, wà ní Iléṣà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dárúkọ àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí wọ́n lè ṣe ti HIV nìkan kí ẹ rò pé ó ti parí.

Oògùn HIV kì í pa á rẹ́, àmọ́ ó ń kápá rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Hepatitis B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára: ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́, torí náà ọ̀pọ̀ àgbà kò gbà á. Hepatitis C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún bí ọ̀sẹ̀ 12 ń wo ohun tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún sàn pátápátá. Owó rẹ̀ ló le. Ẹni tó sì sàn, tó tún pín abẹ́rẹ́, á tún kó o.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pín abẹ́rẹ́ ni, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP tó lè dènà HIV. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá jẹ́ alẹ́ Jímọ́ ló ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró di Mọ́ńdè. Ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ lóru yẹn.