Kí Ló Ń Dá Ohun Tó Ń Lọ Dúró?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ péjọ ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí a kò bá ti nǹkan mọ́, yóò dúró fúnra rẹ̀. Ohun tí Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, fi kọ́ni nìyẹn, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó já a ní koro. Galileo ará Ítálì, tí a bí ní 1564, ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù tó bá yí wálẹ̀ lórí pákó tó dà gẹ̀rẹ́ máa ń fẹ́ gun pákó tó kọjú sí i títí dé ibi gíga tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá rò ó pé bí pákó kejì bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì dán, bọ́ọ̀lù náà kò ní níbi tí yóò dúró sí.

Ẹ wo ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò. Bí òkò bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú eré mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí máńgòrò sì jìnnà ní mítà 10, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò fi débẹ̀. Láàárín àsìkò kékeré yẹn, òòfà ilẹ̀ ti fà á wá sí nǹkan bí mítà 1.2 nísàlẹ̀ ibi tí ọmọ náà dojú rẹ̀ kọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ òkò í sọ kì í fi í wo máńgòrò gan-an, òkè rẹ̀ ló ń wò. Ó wú mi lórí gidigidi pé ọwọ́ ọmọ náà ti mọ ìṣirò tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè ròyìn.

Ìrìn síwájú àti wíwálẹ̀ òkò kò dí ara wọn lọ́wọ́. A kì í wá àpáta tì ní ìlú yìí. Bí ẹnì kan bá dúró sórí èyí tó ga ní mítà 20, tó ju òkò lọ síwájú gbọọrọ, tí ẹnì kejì sì kàn jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́, òkò méjèèjì yóò jọ kan ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá irú òkò bẹ́ẹ̀ dúró. Lójú títì, dídi tí táyà ń di ọ̀dà mú ló ń dá ọ̀kadà dúró. Bí agbára ìdìmú yìí bá tó ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo ọ̀kadà àti àwọn tó gùn ún, ẹni tó ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí kan yóò lo nǹkan bí mítà 7 lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì kó tó dúró. Bí òjò bá rọ̀, tí agbára náà sì já sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, mítà 7 yóò di 13. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: bí eré bá di ìlọ́po méjì, mítà 13 kò ní di 26, nǹkan bí 51 ni yóò dà, nítorí pé àsìkò tí yóò fi dúró di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n eré rẹ̀ láàárín àsìkò náà sì di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Táyà tó bá ti há, tó ń yọ̀, kì í di ọ̀dà mú tó èyí tó ṣì ń yí.

Ilẹ̀ wa kò sì tẹ́jú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń wálẹ̀ ní mítà kan nínú mẹ́wàá, òòfà ilẹ̀ kan náà tó fa òkò wálẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí táyà ní lọ́jọ́ òjò, ọlọ́kadà tó ń sá kìlómítà 36 náà yóò sì nílò mítà 17.