i++ àti ++i: kí ló kù, kí ló fi léni lọ́wọ́?

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè kọ̀ǹpútà bíi Java, C tàbí JavaScript, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àmì ìròpọ̀ méjì tó lẹ̀ mọ́ra: ++. Ẹ ó sì rí àmì ìyọkúrò méjì: --. Èyí àkọ́kọ́ ń fi ọ̀kan kún iye tó wà nínú variable (orúkọ tí program fi ń tọ́jú iye kan), èkejì ń yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo èyí (int ń sọ pé nọ́ńbà odidi ni variable náà):

int ero = 7;
ero++;

Lẹ́yìn ìlà kejì, ero ti di 8. Bí ẹ bá kọ ero = ero + 1, 8 náà ni. Bí ẹ bá kọ ero += 1, 8 náà ni. Kódà bí ẹ bá gbé àmì náà síwájú, tí ẹ kọ ++ero, 8 kan náà ni, níwọ̀n ìgbà tó bá ti dá wà lórí ìlà rẹ̀.

Ìgbà tí a bá fi í sáàárín iṣẹ́ mìíràn ni gbẹgẹdẹ ń gbiná. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí.

int nomba = 7;
int tikeeti = nomba++;

Èló ló wà nínú nomba báyìí? 8. Èló ló wà nínú tikeeti? 7 ni o, kì í ṣe 8.

Ẹ ronú kan òṣìṣẹ́ tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn láàárọ̀. Nọ́ńbà 7 ló kàn. Ó fún yín ní 7, ó sì fi 8 sílẹ̀ de ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Bí nomba++ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: iye àtijọ́ ló fi léni lọ́wọ́, iye tuntun ló fi pamọ́. Ti ++nomba yàtọ̀. Òun á kọ́kọ́ fi ọ̀kan kún un, á wá fún yín ní 8.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí ẹ máa bi ara yín. Kí ló kù nínú variable? Kí ló fi léni lọ́wọ́? Níwájú ni àmì wà o, lẹ́yìn ni o, ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í yí padà: ọ̀kan ti lé. Èkejì nìkan ló ń yí.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò nínú Java, kí n tó dáhùn:

int x = 5;
x = x++;
System.out.println(x);

5 ló máa jáde. Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. x++ mú 5 dání, ó sọ x di 6, lẹ́yìn náà ni àmì = wá gba 5 tó mú dání, ó sì dà á padà sínú x. Bí 6 ṣe lọ nìyẹn. Program náà kò ní kọṣẹ́, kò ní fẹjọ́ sùn. Ìdáhùn ni kò ní tọ̀nà, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló sì ń pẹ́ kéèyàn tó rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí x++ máa dá wà lórí ìlà tirẹ̀. Ní C, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin èdè náà kò sọ ohun tí i = i++ + ++i gbọ́dọ̀ jẹ́ rárá, nítorí náà compiler kan (program tó ń túmọ̀ ohun tí ẹ kọ fún kọ̀ǹpútà) lè fún yín ní iye kan, kí òmíràn fún yín ní òmíràn.

Inú lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra, lẹ ó ti máa bá a pàdé jù:

for (int i = 0; i < 5; i++)

0 títí dé 4 nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kà á sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4, kí ẹ sì lo i--. Bí ẹ bá fi ++i rọ́pò i++ níbẹ̀, ṣé èsì máa yí padà? Rárá, kò sẹ́ni tó ń gba ohun tó fi léni lọ́wọ́. Àmọ́ ní C, bí i bá jẹ́ unsigned, ẹ má fi i >= 0 dá a dúró. Unsigned kì í lọ sábẹ́ 0. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú 0, iye tó tóbi jù tó lè gbà ló máa fò sí, lúùpù náà kò sì ní dúró mọ́ láé.

Ken Thompson ló dá àwọn àmì yìí sílẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ń ṣe èdè B, tó ṣáájú C. Ara wọn ni C++ ti rí orúkọ rẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èdè ló fẹ́ wọn. Swift yọ wọ́n dànù ní 2016. Go gba i++, àmọ́ àfi kó dá wà, kò sì gba ++i rárá. Python ò ní wọn láti ìbẹ̀rẹ̀; x += 1 ni ẹ ó kọ. Bí ẹ bá kọ x++ níbẹ̀, Python á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé kò tọ́. ++x ni kí ẹ ṣọ́ra fún: Python á gbà á láìjanpata, nítorí àmì ìròpọ̀ méjì lásán ló kà á sí, x á sì wà bó ṣe wà.